Ẹja Gọ́tà Tó Wọ Pálọ̀ Wa

Bí òjò oṣù keje bá rọ̀ fún wákàtí méjì péré ní Olódì-Àpápá, òpópónà a di odò. Gọ́tà a kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ìyá a máa gbé àpò gààrí sórí tábìlì, àwọn bàbá a ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ìdààmú fún àgbà, eré ni lójú ọmọdé. Bí òjò bá ti dá báyìí, ẹ ó rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n pagbo létí gọ́tà, àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi í gbọ́n ẹja.

Ẹja kẹ̀? Nínú gọ́tà? Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kì í ṣe èyí tí a ń fi se ọbẹ̀ o. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Àwọ̀ abo rẹ̀ dà bí omi ẹrẹ̀, ikùn rẹ̀ sì rí róbótó. Akọ rẹ̀ kéré sí i, ṣùgbọ́n ara àti ìrù rẹ̀ kún fún àwọ̀ oríṣiríṣi, bí ìgbà tí ẹnìkan ta ọ̀dà pupa àti búlúù sí i lára. Ẹja gọ́tà ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pè é. Guppy ni àwọn òyìnbó ń pè é.

Ní òjò ọdún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, gbé ike omi kan wọlé, ẹja márùn-ún sì wà nínú rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ wá wò ó! Ọ̀kan nínú wọn lóyún!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹja kì í lóyún. Ẹyin ni ẹja ń yé."

Kò bá mi jiyàn, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá jí mi kí n tó bọ́jú. "Bàbá àgbà, ẹ wá bá mi ka àwọn ọmọ rẹ̀." Mo wá awò ojú mi, mo tẹjú mọ́ ike náà. Mo ka mọ́kànlélógún. Wọ́n tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́, ojú ló pọ̀ jù lára wọn, wọ́n sì ti ń wẹ̀ kiri fúnra wọn. Ojú tì mí díẹ̀. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń jẹ ẹja, n kò mọ̀ pé ọ̀kan wà tó ń bímọ láàyè bí ewúrẹ́.

Ìtàn náà ì bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà fi máa ti ilé-ìwé dé, kò ku ẹyọ kan. Ìyá wọn àti àwọn ẹja mẹ́rin yòókù ti jẹ wọ́n tán pátápátá. Ọmọ náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn: "Bàbá àgbà, ìyá wo ló ń jẹ ọmọ ara rẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló rán mi nídìí ìwé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ìtàn ẹja kékeré yìí kan ìtàn Èkó, ó kan ìtàn ibà, ó sì kan gọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà tèmi tiyín.

LÁTI CARACAS DÉ ÈKÓ

Ẹja yìí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní ilẹ̀ Venezuela, ní erékùṣù Trinidad, àti láwọn ibòmíràn tó sún mọ́ wọn. Ní 1859, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Wilhelm Peters, yẹ díẹ̀ wò nínú èyí tí wọ́n kó wá láti Caracas, ó sì sọ ọ́ ní Poecilia reticulata. Orúkọ yìí ni àwọn onímọ̀ ṣì ń pè é títí dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wọ ẹnu aráyé. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Trinidad, Robert John Lechmere Guppy, fi irú ẹja kan náà ránṣẹ́ sí British Museum ní London. Ní 1866, Albert Günther tó wà níbẹ̀ rò pé ẹja tuntun ni, ó sì fi orúkọ Guppy sọ ọ́. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó rí i pé ẹja Peters náà ni. Orúkọ tí Günther fún un kú sínú ìwé, ṣùgbọ́n "guppy" kò kúrò lẹ́nu ènìyàn mọ́. Àbí ẹ kò rí i? Orúkọ tí ọjà bá ń pe ènìyàn ni yóò máa jẹ́, ohun yòówù tí ì báà wà nínú ìwé ìbí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, ẹja náà ti dé ilé àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń sin ẹja fún fàájì. Kò nira láti sìn rárá. Oyún rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ó lè bí ogún, ó lè bí ọgbọ̀n, abo tó bá dàgbà dáadáa tilẹ̀ lè bí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Akọ tí a bí lónìí ti lè di bàbá ọmọ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àṣírí kan tún wà níbẹ̀: abo tó bá ti gba àtọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tọ́jú rẹ̀ sínú ara fún oṣù púpọ̀, kí ó máa ti ibẹ̀ bímọ léraléra, láìrí akọ mọ́. Nítorí náà, bí abo kan ṣoṣo bá bọ́ sínú odò kan, ìlú ẹja ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ní 1920, ọ̀mọ̀wé ará Denmark kan, Johannes Schmidt, fi guppy hàn pé àwọn àmì kan wà tó ń ti ara bàbá lọ sí ara ọmọkùnrin nìkan, láti ìran dé ìran, bí oyè ìdílé tí ọmọbìnrin kì í jẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹja náà káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru, kì í ṣe fún ẹwà rẹ̀ mọ́, bí kò ṣe nítorí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ mọ tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń jó fìrì-fìrì nínú omi àmù. Guppy a máa jẹ tanwíjí. Èrò àwọn aláṣẹ ni pé bí a bá da ẹja yìí sínú omi, a ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Nígbà tó fi máa di ìgbà 1970 sí i, ẹja náà ti wọ Nàìjíríà fún iṣẹ́ yìí àti fún fàájì inú ilé. Lónìí, ó ti di ará Èkó. Ní 2012, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí guppy inú kànáà àti gọ́tà Èkó ń jẹ. Ẹ rí i pé ohun tí ọmọ mi gbọ́n nínú gọ́tà kì í ṣe ẹja lásán. Ọmọ àlejò tí ìjọba pè wá síṣẹ́ ni.

ÌDÍ TÍ ÌYÁ FI JẸ ỌMỌ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè ọmọ náà. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Trinidad.

Ní erékùṣù náà, odò kékeré máa ń ti orí òkè ṣàn wálẹ̀, omi a sì máa já láti orí àpáta. Ní ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti ń já, àwọn ẹja ńlá wà tí wọ́n ń pa guppy jẹ. Ní òkè rẹ̀, ẹja ńlá kò lè gun àpáta, guppy a sì máa gbé níbẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Àwọn onímọ̀ rí i pé guppy ti ìsàlẹ̀ máa ń tètè dàgbà, wọ́n ń bí ọmọ púpọ̀, ọmọ náà sì kéré. Àwọn ti òkè a máa pẹ́ kí wọ́n tó dàgbà, ọmọ díẹ̀ ni wọ́n ń bí, ọmọ náà sì tóbi. Ní 1976, John Endler kó guppy láti ibi tí ẹja ńlá pọ̀ sí, ó dà wọ́n sí ibi tí ẹja ńlá kò sí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ìran wọn wò. Wọ́n ti yí padà: wọ́n ń pẹ́ dàgbà, ọmọ wọn sì ti ń tóbi sí i. Ní 1990 ni David Reznick, Endler àti ẹnì kejì wọn tẹ ìròyìn náà jáde, ó sì ya gbogbo ayé lẹ́nu, nítorí àwọn ènìyàn ti rò pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ àfi lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ibi tí a bá fi ẹja sí ló ń sọ irú ìyá tí yóò jẹ́. Guppy kò mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí tanwíjí: ohunkóhun tó bá kéré tó ń mira lójú rẹ̀, oúnjẹ ni. Nínú odò, ewéko àti gbòǹgbò igi wà létí omi, ọmọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí a sá wọ inú rẹ̀ kí ìyá tó yíjú padà. Ṣùgbọ́n nínú ike omi tó mọ́ gaara, ibo ni ọmọ náà fẹ́ sá gbà? Mo wá pe ọmọ mi, mo ní, "Kì í ṣe ìkà ni ìyá yẹn. Àwa la fi òun àti ọmọ rẹ̀ sínú yàrá kan tí kò ní kọ̀rọ̀."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká wá kọ̀rọ̀ fún un."

EWÉKO INÚ GÍLÁÀSÌ

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe wíńdò álúmínì ní Bọ́ńdárì, ó fi àjákù gíláàsì bá mi lẹ àpótí kan tó gba omi bíi kẹ́ẹ̀gì méjì. A fọ yanrìn títí omi rẹ̀ fi mọ́, a tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀. Omi tí mo rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà, a kò dà á sí i lọ́jọ́ náà. A ṣí ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí òórùn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ lè fẹ́ lọ, nítorí oògùn yẹn lè pa ẹja.

Ó wá ku ewéko. Lórí èyí náà, ìtàn wà. Ní 1779, dókítà kan tí ń jẹ́ Jan Ingenhousz fi hàn pé bí oòrùn bá ràn sí ewé tútù nínú omi, ewé náà a máa tú atẹ́gùn tí ẹ̀dá ń mí sínú omi náà. Ní nǹkan bí 1850, Robert Warington ní London fi ẹja, ewéko àti ìgbín omi sínú gíláàsì kan náà, ó sì rí i pé wọ́n ń gbọ́ bùkátà ara wọn. Ewéko ń fún ẹja ní atẹ́gùn, ìgbín ń jẹ ewé tó bá ti kú, ìdọ̀tí ẹja sì ń di oúnjẹ fún ewéko. Ní 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja fún aráyé láti wá wò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Philip Henry Gosse tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀, àṣà náà sì gba ìlú kan bí iná ọyẹ́.

Ewéko òyìnbó kọ́ ni èmi lò. Ojúoró ni. Ojúoró tí gbogbo wa fi ń ṣe àdúrà pé a ó lékè, ẹ kò rí i pé ohun gidi ni! Mo mú mẹ́ta nínú adágún omi kan lọ́nà Kirikírì, mo ṣan wọ́n dáadáa, mo gbé wọn léfòó sínú gíláàsì. Gbòǹgbò ojúoró pọ̀ bí irùngbọ̀n àgbà, ó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú omi. Inú rẹ̀ gan-an ni ọmọ guppy fẹ́ràn láti sápamọ́ sí. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò lè rí a sì máa gbé lára gbòǹgbò náà, wọ́n di oúnjẹ àárọ̀ fún ọmọ ẹja. A gbé gíláàsì náà sẹ́bàá wíńdò pálọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ṣùgbọ́n tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní se wọ́n.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, àmì dúdú tó wà nítòsí ìdí abo náà tún fẹ̀ sí i, ikùn rẹ̀ sì gun bí igun àpótí. Àmì ìrọbí nìyẹn. A kó àwọn ẹja yòókù kúrò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bímọ tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a kó òun náà kúrò. Ọmọ mi ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láàárín gbòǹgbò ojúoró.

Èmi ni mo wá ṣe àṣìṣe. Mo gbọ́ pé pupa ẹyin tí a bọ̀ dára fún ọmọ ẹja, mo sì bu u fún wọn bí ìgbà tí à ń bu iyán fún àlejò. Èyí tí wọn kò jẹ tán rà sísàlẹ̀, omi di funfun bí omi ògì, mẹ́sàn-án sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ náà kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn wò mí ni, ìyẹn sì dùn mí ju ẹkún lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé oúnjẹ tó bá wà lórí ṣóńṣó ìka ti tó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná, tí a fi aṣọ jọ̀, ló bá wọn lára mu jù. Lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, a ń bu ìdá mẹ́rin omi náà dànù, a sì ń fi omi tó ti dúró rọ́pò rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún tó kù, gbogbo wọn ló yè. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, a ti ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo: lẹbẹ abẹ́ ikùn akọ a máa tín-ín-rín, a sì ṣe ṣóńṣó bí ìgbálẹ̀. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n gba gbogbo ilé mọ́ yín lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

ẸFỌN, GÓMÌNÀ ÀTI WOLÉ-WOLÉ

Ní àkókò yìí gan-an ni ọmọ mi mú ọ̀rọ̀ kan wá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ṣe àìsàn ibà ní òjò tó ṣáájú. A gbé e dé ọsibítù lóru, wọ́n fa omi sí i lára, ìyá rẹ̀ kò sì sùn fún òru mẹ́ta. Ọmọ náà kò gbàgbé. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ní ẹja yìí ń jẹ ọmọ ẹ̀fọn. Ẹ jẹ́ ká kó gbogbo wọn padà sínú gọ́tà, kí ibà má baà mú àbúrò mi mọ́."

Kí ni ènìyàn fẹ́ sọ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Mo ní kí ó fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Mo tún padà sídìí ìwé.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Títí di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ló ń fa ibà. Ní 1899, Ross wá sí Freetown láti wá ẹ̀fọn náà rí ní ilẹ̀ tiwa. Ọdún yẹn kan náà ni William MacGregor di gómìnà Èkó. Dókítà ni. Ó pín oògùn kuníìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí irà, ó sì gbẹ́ kànáà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè láàárín Èkó àti Ìkòyí. Àwọn òyìnbó kan ń sọ nígbà náà pé ohun tó dára jù ni kí àwọn kúrò láàárín ènìyàn dúdú, kí wọ́n lọ dá gbé. MacGregor kò fara mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ni pé gbogbo ará ìlú ló yẹ kí a tọ́jú. Ṣùgbọ́n ó lọ ní 1904, àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì kọ́ àdúgbò àwọn òyìnbó lọ́tọ̀.

Àpápá tiwa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nígbà tí èbúté Àpápá ṣí ní 1926, iṣẹ́ dé. Àwọn ọ̀gá ń gbé nínú ilé tó ní ọgbà àti gọ́tà tó já gaara. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ ń gbé ní ìhà Ajégúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ irà tí omi kì í tán lórí rẹ̀. Ajé gúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ti gúnlẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí àrùn eku wọ Èkó ní 1924, Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tó dojú kọ ọ́. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ọ̀gá ètò ìlera ìlú Èkó, òun ló sì fìdí iṣẹ́ wolé-wolé múlẹ̀. Èmi fúnra mi mọ wolé-wolé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí wọ́n bá ti yọ níkòríta, ìyá mi a sáré da omi àmù nù, nítorí bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú rẹ̀, kọ́ọ̀tù ló kàn. À ń bú wọn nígbà náà. Àwa tí à ń bú wọn kò mọ̀ pé a ó wá wọn tì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọ ogun pọ̀ ní Èkó, ibà sì ń dá wọn gbálẹ̀. Wọ́n bá gbẹ́ kòtò, wọ́n fa omi irà etíkun gbẹ. Gilroy àti Bruce-Chwatt, tí wọ́n ṣiṣẹ́ náà, kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1945. Wọ́n fi hàn pé a lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn irà bí omi bá rí ọ̀nà ṣàn lọ, tí òkun sì lè wọlé kó sì jáde. Ṣùgbọ́n kòtò kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Bí a bá ti fi í sílẹ̀, yóò dí, ẹ̀fọn yóò sì padà wá gba ilé rẹ̀.

Láti 1969 di 1976, ìjọba àti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oògùn ẹ̀fọn àti oògùn ibà gbógun ti ibà ní Garki, ní apá Àríwá. Ibà dín kù gan-an, ṣùgbọ́n wọn kò lè pa á run. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo kò lè ṣẹ́gun ibà.

ṢÉ KÁ DÀ WỌ́N SÍ GỌ́TÀ?

Ẹja ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ̀fọn pọ̀ ní irú. Èyí tó fẹ́ràn omi gọ́tà dúdú jù ni Culex, tí ń kùn yùn-ùn-yùn-ùn létí wa lóru. Èyí tó ń gbé ibà kiri, Anopheles, omi òjò tó mọ́ díẹ̀ ló fẹ́ràn jù: ojú ẹsẹ̀ ènìyàn, kòtò tí a gbẹ́ fún ìpìlẹ̀ ilé, omi tó dúró nínú ihò ojú títì. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ kọ ọ́ ní 2007 pé àwọn rí i nínú omi ìdọ̀tí Èkó pẹ̀lú. Èyí tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, inú táyà àti agolo ló ń gbé. Guppy inú gọ́tà kò lè bá wa dé ibi gbogbo wọ̀nyí. Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe tanwíjí nìkan ló ń jẹ. Ó ń jẹ èèhọ̀ omi àti ohun jíjẹrà pẹ̀lú. Ní 2016, Rana El-Sabaawi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀rí tó fi hàn pé guppy ń dín ẹ̀fọn kù kò lágbára tó bí a ti rò, àti pé ìpalára tó lè ṣe fún odò kò kéré.

Àlejò tí a kò yẹ̀ wò dáadáa lè di onílé. Ní 1905, wọ́n kó ẹja kan tó jọ guppy, Gambusia, láti Texas lọ sí Hawaii fún iṣẹ́ ẹ̀fọn. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára ọgọ́rùn-ún ohun abẹ̀mí àjèjì tó burú jù lágbàáyé. Tàbí kí ni à ń wá lọ sí Hawaii? Ní 1984, ewéko omi olódòdó elésè-àlùkò kan gba ọ̀nà omi Bàdágìrì wọlé láti ilẹ̀ Benin, ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń há sínú rẹ̀ títí dòní. Odò wa ní àwọn ẹja kéékèèké tirẹ̀, irú Epiplatys, tí àwọn náà ń jẹ kòkòrò omi láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Bí a bá ń da guppy sí odò, ẹni tó ni ilé là ń lé jáde.

Mo pe ọmọ mi jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ṣé kò wúlò rárá nìyẹn?"

Mo ní, "Ó wúlò, bí a bá mọ ibi tí a ó fi í sí."

Kànga kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí a fi ń fọṣọ. Ọmọrí rẹ̀ ti jẹrà, tanwíjí sì ń jó nínú rẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀, tó dá dúró, tí kò já sí odò kankan, ni ẹja yìí ti lè ṣiṣẹ́. A kó mẹ́jọ sínú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ náà fa bọ́kẹ́ẹ̀tì kan jáde, ó tẹjú mọ́ ọn títí, kò rí tanwíjí kan. Ẹ ò bá rí ayọ̀ rẹ̀! Síbẹ̀, mo pe káfíńtà, ó ṣe ọmọrí tuntun sí i. Ẹja kò lè rọ́pò ọmọrí.

Gọ́tà wá kù. Ní 1984, ìjọba ológun fi ipá mú wa máa tún àyíká ṣe lóṣooṣù, a sì ń kùn. Ní 2016, ìjọba Èkó fagi lé òfin tó ń dá wa dúró nílé lọ́jọ́ náà, inú wa dùn, a sì gbàgbé gọ́tà. Mo lọ bá àwọn onílé mẹ́rin tó tẹ̀ lé tèmi. Àwọn kan ní iṣẹ́ ìjọba ni. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni ẹ̀fọn ń jẹ? Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a kó ṣọ́bìrì jáde. Àpò náílọ́ọ̀nù, ike, táyà, ohun tí a kó jáde kì í ṣe kékeré. Nígbà tó di ọ̀sán, omi tó ti dúró fún oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹ̀fọn kì í lè bímọ sínú omi tó ń ṣàn geere.

Ibà kò tíì tán ní Nàìjíríà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àìsàn ibà lágbàáyé, ọ̀dọ̀ wa ló wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kebbi àti Bayelsa ní oṣù kejìlá ọdún 2024. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò sọ pé kí a má lo àwọ̀n, àwọ̀n kò sọ pé kí a má gbọ́n gọ́tà. Àwọ̀n tí àwọn ọmọ fi ń gbọ́n ẹja yẹn, orí bẹ́ẹ̀dì ni ipò rẹ̀.

Àbúrò ọmọ mi sùn lábẹ́ àwọ̀n ní gbogbo òjò ọdún yìí, ibà kò gbé e dé ọsibítù. N kò ní sọ pé ẹja ló ṣe é. Gíláàsì náà ṣì wà ní pálọ̀ wa, ojúoró ti bí ọmọ márùn-ún sórí omi, abo guppy sì tún ti lóyún. Láàárọ̀ yìí, ọmọ náà sọ fún mi pé òun kò ní kó ìyá kúrò lọ́tẹ̀ yìí, nítorí gbòǹgbò ti pọ̀ tó. A jọ ń wò ó.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ wo táyà, ẹ wo àmù, ẹ wo gọ́tà. Ojúoró kì í rì. Àwa àti ọmọ wa kò ní rì. Àmín.